Orin Àpáta Tí Màámi Ròyìn

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ orin rọ́ọ̀kì, ńṣe ni mo gbá rédíò létí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ ńlá kan ní ìlú Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Èmi àti obìnrin kan la máa ń dúró sí ẹnu ẹ̀rọ tó ń lọ aṣọ. Bí aṣọ funfun bá ti ń jáde pẹ̀lú ooru, a ó dì í mú ní igun méjì méjì, a ó ká a, a ó tò ó. Rédíò kan wà lójú fèrèsé tó ń kọrin jẹ́jẹ́. Lójijì ni ohùn rẹ̀ yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í han, ó ń ya, ó ń bú ramúramù bí ẹ̀rọ ìlọta tí òkúta kó sí lẹ́nu. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ní Èkìtì ni mí, mo mọ súpíkà tó ti ya bí mo bá gbọ́ ọ. Bí ti ṣọ́ọ̀ṣì wa nílé bá ti dún báyẹn, ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù ló máa dìde gbá a lẹ́ẹ̀mejì, ara rẹ̀ á sì balẹ̀. Mo fi aṣọ sílẹ̀, mo lọ síbẹ̀ tìgboyà-tìgboyà, mo sì gbá rédíò náà, pàá, pàá.

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin tí a jọ ń ká aṣọ rẹ́rìn-ín títí tó fi fi aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì nu ojú. Nígbà tí èémí rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ó ní, "Kò bàjẹ́ o. Gìtá ni. Bí wọ́n ṣe fẹ́ kó dún nìyẹn."

Mo wò ó bí ìgbà tí èèyàn bá sọ fún mi pé òun mọ̀ọ́mọ̀ jó ọbẹ̀ ni.

Ẹni tó bá rìn jìnnà ní í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, wọn kò purọ́. Èmi ti rí tèmi kí n tó rí ti gìtá. Ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ fún mi pé mo ń lọ sí ibi tí èèyàn ti lè kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó má kí i. Nílé, ta ló tó bẹ́ẹ̀? Bí o bá kọjá lára ẹni tó ń kọ ebè ní oko Ẹ̀dá-Oníyọ̀ tí o kò ní "ẹ kú uṣẹ́ o", kí o tó délé, ìròyìn rẹ á ti dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo kí gbogbo èèyàn ilé ìfọṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan bi mí bóyá mo ń wá nǹkan. Ọ̀kan bojú wẹ̀yìn, ó rò pé ẹlòmíràn ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn nínú ikùn mi. Ẹnu mi kò gbé e jáde, àmọ́ mo kí wọn, kó má baà jẹ́ pé èmi ni mi ò lẹ́kọ̀ọ́.

Ohun tó wá le jù ni ìdákẹ́rọ́rọ́. Yàrá kan ni mo gbà nínú ilé tí a kò ti mọ ara wa. Mo mọ ikọ́ ẹni tó wà lókè mi, mo mọ òórùn ọbẹ̀ ẹni tó wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ orúkọ wọn. Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan nítòsí. Kí n tó mú báàgì mi, gbogbo wọn ti lọ tán. Àárò sọ mí gidigidi nígbà yẹn. N ó sunkún díẹ̀, n ó nu ojú, n ó sì pe Màámi.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Kí lo jẹ?"

"Ìrẹsì ni, mà."

"Ìrẹsì àná náà tún ni? Ulú yẹn kò ní uṣu ni?"

"Wọ́n ní in, Màámi. Kò kàn dà bíi tiwa ni."

"Kò lè dà bíi tiwa. Ulé ń kọ́? Uṣẹ́ ń kọ́?"

"Gbogbo ẹ̀ ló dára, mà. Ẹ̀yin náà ń kọ́?"

"A wà dáadáa. Nǹkan kan kò ṣe wá."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń parọ́ fún ara wa, èmi ní Leeds, òun ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, a ó sì jọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kò sí ìṣòro kankan.

Maureen ni orúkọ obìnrin tí a jọ ń ká aṣọ yẹn. Ní Leeds ni wọ́n bí i, àwọn òbí rẹ̀ ló wá láti Jàmáíkà. Ó dàgbà ju àbúrò ìyá mi lọ, nítorí náà orúkọ rẹ̀ di wàhálà fún mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu pe àgbàlagbà ní orúkọ lásán? Mo bá ń pè é ní Àǹtí. Ó bi mí ìdí, mo ṣàlàyé fún un. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá òun ṣe kọ́ òun nígbà tí òun wà ní kékeré, pé òun ti gbàgbé ni. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá pè é ní Maureen níṣojú mi, á ṣẹ́jú sí mi, á ní, "Ṣé o gbọ́ wọn? Wọn kò lẹ́kọ̀ọ́."

Èmi náà kọ́ ọ ní "ẹ kú uṣẹ́". Bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu mi ló ṣe gbé e, pẹ̀lú u rẹ̀ gbágbáágbá. Nígbà tí ọ̀gbẹ́ni kan láti Èkó wá bá wa ṣiṣẹ́, tí Àǹtí Maureen kí i báyẹn, ọ̀gbẹ́ni náà fẹ́ tún un ṣe fún un, ó ní "iṣẹ́" ni. Àǹtí ní rárá o, uṣẹ́ ni wọ́n ń pè é, ọmọ ìlú ló kọ́ òun. Ọ̀gbẹ́ni náà yíjú sí mi pé kí n gbà á sílẹ̀. Mo ń wo àjà. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé mo ra ẹja wálé.

Gìtá báàsì ni Àǹtí Maureen ń ta, nínú ẹgbẹ́ olórin kékeré kan tí òun àti ọkọ rẹ̀ dá sílẹ̀. Rẹ́gẹ̀ ló gbọ́ dàgbà nílé bàbá rẹ̀, rọ́ọ̀kì ló gbọ́ dàgbà ní àdúgbò, kò sì rí ìdí tí òun fi gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Nílé wa, a ní ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Ó ní ẹni tó gbá rédíò létí nítorí gìtá, dandan ni kí òun tún etí rẹ̀ ṣe. Ó fún mi ní ẹ̀rọ tí a fi ń bo etí gbọ́ orin, ó ní kí n máa gbọ́ rẹ́gẹ̀ lónìí, kí n máa gbọ́ rọ́ọ̀kì lọ́la, kí n sì wá jíhìn.

Ẹ má rò pé a kò mọ rẹ́gẹ̀ nílé. Àwọn ọlọ́kadà Ìlúpéjú ń gbọ́ ọ, àwọn onígbàjámọ̀ Ìkọ̀lé ń gbọ́ ọ títí iná wọn yóò fi lọ. Ṣùgbọ́n bí èèyàn ṣe ń gbọ́ ìjà ará ilé kejì ni mo ṣe ń gbọ́ ọ nígbà náà: mo mọ̀ pé ó ń lọ, n kò mọ ohun tó fà á. Àǹtí ní, "Má gbọ́ ẹni tó ń kọrin. Gbọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀."

Mo gbọ́ ọ lóòótọ́. Háà! Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, òjò ń rọ̀, gìtá báàsì náà ń rìn nísàlẹ̀ orin bí àgbà tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè lọ láìdúró de òun. Gìtá kékeré wà lókè, kò sọ púpọ̀, "ṣẹ́kẹ́" lásán ló ń sọ, yóò dákẹ́, yóò tún sọ ọ́. Èmi tí mo ti rò pé orin ni ẹni tó ń pariwo níwájú! Mo kọjá ibi tó yẹ kí n sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo ń fẹsẹ̀ rìn padà nínú òjò, ẹ̀rín ń pa mí.

Rọ́ọ̀kì kò tètè yé mi báyẹn. Ó pẹ́ kí ariwo gìtá náà tó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára súpíkà tó bàjẹ́. Ọjọ́ tó yé mi, ọ̀gá iṣẹ́ ti sọ̀rọ̀ kan sí mi tó dùn mí, ọ̀rọ̀ tí n kò lè dáhùn torí pé gẹ̀ẹ́sì mi máa ń sá bí inú bá ń bí mi. Mo di ẹ̀rọ mọ́ etí. Gìtá náà bẹ̀rẹ̀ sí í han, mo bá rí i pé ohun tó wà nínú mi gan-an ló ń sọ. Ọmọbìnrin tó gbẹ̀kọ́ kì í pariwo. Ohun tí wọ́n fi tọ́ mi nìyẹn, mo sì ti gbé ariwo tí mi ò pa láti kékeré wá sí òkè òkun. Ẹnìkan wá ń bá mi pa á, pẹ̀lú iná mànàmáná, n kò sì ní láti la ẹnu. Láti ìgbà náà ni mo ti di wèrè orin. Mo ń jí pẹ̀lú rẹ̀, mo ń se ìrẹsì pẹ̀lú rẹ̀. Àǹtí Maureen ní òun ti tú ẹ̀mí èṣù sílẹ̀, òun kò sì mọ bí òun ṣe máa dè é padà.

Mo máa ń rò ó nígbà mìíràn pé kí ni ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ń wá lọ́dọ̀ gìtá àwọn òyìnbó àti ti àwọn ará Jàmáíkà. Orin tiwa kò tó mi ni? Ó tó mi. Àmọ́ orin tiwa mọ̀ mí láti ìgbà tí mo ti ń rákò, kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Èyí bá mi ní ibi tí mo dá wà, kò mọ ìyá mi, kò mọ baba mi, ó sì fà mí wọlé. Ẹni tó bá ti dé ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti dá a lóhùn mọ bí ìyẹn ti dùn tó.

Ọjọ́ Sátidé lọ́sàn-án ni mo máa ń lọ kọ́ gìtá nílé Àǹtí. Ọkọ rẹ̀ yá mi ní ọ̀kan tó ti gbó. Ìka mi wú, ó yọ léèépá, mo fara dà á. Ohun tí n kò lè ṣe ni "ṣẹ́kẹ́" rẹ́gẹ̀ yẹn. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kanlẹ̀, gìtá gbọ́dọ̀ dákẹ́; ìgbà tí ẹsẹ̀ bá gbéra ló máa dáhùn. Ọwọ́ tèmi kò gbà. Ibi tí ẹsẹ̀ mi bá kanlẹ̀ náà ni ọwọ́ mi máa ń já sí. Àǹtí kà á fún mi, ó pàtẹ́wọ́ fún mi, ó di ọwọ́ mi mú bí ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkọ. Pàbó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, mo pe ilé, gìtá wà lórí itan mi. Màámi àti Fúnmi, ìyàwó àbúrò mi Báyọ̀, ń gúnyán lọ́wọ́. Wọ́n gbé fóònù sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó kí n lè máa bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì ló ń gún un nínú odó kan, ọmọ odó méjì ń lọ sókè sódò. Fúnmi ń yára.

"Ùwọ Fúnmi, má bá mi gún un pọ̀!" Màámi kígbe. "Ọmọ odó á kọlu ara wọn. Jẹ́ kí tèmi kanlẹ̀ ná, kó máa gbéra, kí tìrẹ tó wá."

"Ẹ má bínú, mà," Fúnmi ní.

Mo gbọ́ tí ìró náà tò. Ti Màámi wúwo, ó kanlẹ̀, gbìì. Ti Fúnmi bọ́ sí àlàfo rẹ̀, gbọ́. Gbìì, gbọ́, gbìì, gbọ́. Ọwọ́ mi gbéra fúnra rẹ̀, ó ń já sí ibi tí ti Fúnmi ń já sí. Ṣẹ́kẹ́. Ṣẹ́kẹ́. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí mo fi ń wá a kiri, inú odó ìyá mi ló wà.

"Kí lò ń ta yẹn?" Màámi bi mí, kò dáwọ́ dúró.

"Gìtá ni, mà. Ẹ máa gún un lọ! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró!"

"Ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan, mà. Ẹ ṣáà máa gún un!"

Iyán wọn ọjọ́ náà kúnná ju bó ṣe yẹ lọ, torí pé mi ò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, Màámi gbé fóònù sétí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní irú orin wo ni mo ń kọ́ lọ́hùn-ún. Mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé rẹ́gẹ̀, mo bá kúkú sọ èyí tí mo fẹ́ràn jù. Mo ní, "Rọ́ọ̀kì ni, Màámi." Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì já.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di tàwọn àgbà. Màámi kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, kò sì fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ ọmọ òun ṣókùnkùn sí òun. Ó kọjá sí òdìkejì títì, ó bi tíṣà tó ń gbé ibẹ̀ pé kí ni wọ́n ń pè ní rọ́ọ̀kì lédè Yorùbá. Tíṣà kò fi ìyà jẹ ara rẹ̀. Ó ní àpáta ni. Ayọ̀ ńlá gba inú Màámi. Ìyá ẹgbẹ́ akọrin ni ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa, ta ló tún nílò kí wọ́n sọ ẹni tí Àpáta jẹ́ fún un? Ní ìpàdé àdúrà tó tẹ̀ lé e, ó dìde jẹ́rìí, ó ní ọmọ òun tó lọ sí ìlú òyìnbó kò gbàgbé Ọlọ́run, orin Àpáta ló ń fi gìtá kọ níbẹ̀, àwọn òyìnbó sì ń gbọ́ ọ. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Àlùfáà ní kí a fi orin Àpáta náà sí ètò ìkórè, torí pé mo ti sọ tẹ́lẹ̀ pé mò ń bọ̀ wálé fún ìkórè ọdún náà.

Báyọ̀ ló pè mí láti sọ gbogbo èyí.

"Àǹtí mi, ẹ̀yin náà ẹ wá ojútùú sí i o. Mo ti gbọ́ orin tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi yẹn. Ṣé ìyẹn lẹ fẹ́ kọ níwájú Bàbá Ìjọ?"

"Ṣé o sọ fún Màámi?"

"Èmi kọ́! Ó ti ra bàtà tuntun. Ó ń rìn kiri ulú bí ìyá ìyàwó. Bí ẹ bá dé, tí ẹ sì han irú nǹkan yẹn létí wọn, wọ́n á ní Màámi wá purọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ mọ ẹnu àwọn èèyàn wa."

Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtìjú Màámi nìkan ló bà mí lẹ́rù. Orin yìí ló sọ Leeds di ibi tí mo lè gbé. Bí mo bá gbé e délé, tí Màámi gbọ́ ọ, tó sì wò mí bí àlejò ńkọ́? Ohun tó mú mi di ará ọ̀hún á wá sọ mí di àjèjì níwájú ìyá tó bí mi. Mo gbé fóònù lọ́pọ̀ ìgbà láti sọ fún un, mo tún gbé e kalẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo pinnu pé n ó délé kí n tó sọ ọ́.

Mo délé, mo gbé gìtá tí ọkọ Àǹtí yá mi dání. N kò ní sọ bí a ṣe kígbe, bí Màámi ṣe yí mi po tó ń wò mí bóyá nǹkan kan dín lára mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, òun ń to iṣu tó fẹ́ gbé lọ sí ìkórè sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Báyọ̀ jókòó sórí ọ̀kadà rẹ̀ nínú ọgbà, ó ń ṣe bí ẹni tó ń nù ún. Mo mú fóònù mi jáde.

"Màámi, orin tí mo sọ yẹn, kì í ṣe orin ìjọ o. Orúkọ lásán ni àpáta yẹn. Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín."

Mo tan án. Mo yan èyí tí mo fẹ́ràn jù, mi ò yan èyí tó rọlẹ̀, torí bí yóò bá kọ̀ mí, kó kúkú kọ èmi gan-an. Gìtá bẹ̀rẹ̀ sí í han. Àwọn adìẹ sá kúrò lábẹ́ àga. Nígbà tí ọkùnrin tó ń kọ ọ́ figbe ta, Màámi gbé iṣu tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó tẹ́tí.

"Kí ló ń dùn ún?" ó bi mí.

"Ta ni, mà?"

"Ọmọ tó ń ké yìí. Kí ló ń dùn ún?"

Ẹnikẹ́ni kò bi mí báyẹn rí. Mo ní, "Ẹni tó fẹ́ràn ló fi í sílẹ̀ lọ, Màámi."

"Ẹn-ẹ́n." Ó tún tẹ́tí. "Kò ní ìyá ni? Kò ní ẹni tó lè wí fún?"

"Bóyá ó ní. Bóyá kò lè sọ ọ́ fún un ni."

Màámi gbọ́ orin náà títí tó fi parí. Báyọ̀ ti gbàgbé ọ̀kadà tó ń nù. Mo yára sọ fún Màámi pé mo ti rò ó, pé orin ìkórè lásán ni n ó bá ẹgbẹ́ akọrin ta gìtá sí, jẹ́jẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ nǹkan kan. Ó gbé iṣu rẹ̀ padà, ó ń gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ dànù.

"Mo ti sọ fún ujọ pé àpáta," ó ní. "Àpáta náà ni wọ́n máa gbọ́. Ọmọ mi kò ní lọ sí ulú òyìnbó lọ kọ́ nǹkan, kó wá délé kó máa fi pamọ́."

"Màámi, wọ́n á ní ẹ purọ́!" Báyọ̀ kígbe láti orí ọ̀kadà.

"Èmi ni mo sọ ọ́, èmi náà ni màá tún un sọ. Ùwọ nu ọ̀kadà rẹ."

Ní ọjọ́ ìkórè, ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ mùsùlùmí pàápàá wá, wọ́n jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Nígbà tí wọ́n pe orin Àpáta, Màámi bọ́ síwájú pẹ̀lú bàtà tuntun rẹ̀, kò jẹ́ kí n dé ibi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kó tó gbà á.

"Ẹ̀yin ará, mo jẹ́rìí kan níbí lọ́jọ́sí. Mo ní orin Àpáta ni ọmọ mi ń kọ. Mo ṣì í gbọ́ ni. Orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pe orin náà nìyẹn, kì í ṣe Àpáta tí ẹ̀yin rò. Orin ẹni tí nǹkan ń dùn ni. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ, kò sì bà mí lẹ́rù. A máa kọ ọ́ pọ̀ mọ́ tiwa."

Ìjọ ń wo ara wọn. Àlùfáà tẹ orí ba bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Bàbá Ìjọ, tí Báyọ̀ ń bẹ̀rù, fi ọwọ́ sí etí, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó pariwo dáadáa o, etí mi kò gbọ́ràn mọ́."

Orin ìkórè tí Màámi fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ni ẹgbẹ́ akọrin gbé. Ó kúrú: "A gbìn ín, ó hù, ilẹ̀ ò tàn wá jẹ." Mo kọ́kọ́ fi rẹ́gẹ̀ gbè é. Àwọn ìyá tó wà níwájú kò pẹ́ rárá kí ara wọn tó mọ ibi tó yẹ kí wọ́n mì sí. Nígbà tí a tún un kọ, mo fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ kékeré tó ń mú ohùn gìtá ya, mo jẹ́ kí gìtá náà han. Ó han gba inú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọmọ kékeré figbe ayọ̀ ta. Inú mi ń dùn. Kò tíì dùn báyẹn láti ìgbà tí mo ti fi ilé sílẹ̀.

Ibì kan wà tí gbogbo akọrin yóò dákẹ́ kí Màámi tó gbé orin náà padà. Wọ́n dákẹ́. Gìtá nìkan ló ń ké. Màámi la ẹnu, ṣùgbọ́n kì í ṣe orin ló jáde. Igbe ni. Igbe kan ṣoṣo, ó gùn, ó ti ìsàlẹ̀ ikùn wá, ó sì bá gìtá mi mu bí ẹni pé a ti fi í dánra wò.

Ìjọ ní ẹ̀mí ti bà lé e. "Halelúyà!" wọ́n hó lé e. Ó nu ojú, ó gbé orin, ẹgbẹ́ akọrin gbè é, ìkórè ń bá a lọ. Àwọn èèyàn wá bọ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́yìn ìsìn, tíṣà òdìkejì títì ní òun ló túmọ̀ rọ́ọ̀kì fún Màámi, kí n má gbàgbé òun. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo dúró sún mọ́ Màámi tó láti mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀mí.

Àwa méjèèjì la rìn padà sílé. Oòrùn mú, Màámi bọ́ bàtà tuntun náà, ó mú un dání. Ó ti gba àpò gìtá lọ́wọ́ mi, ó gbé e kọ́ èjìká, kò fún mi.

"Màámi," mo ní, "kí ló ń dùn yín?"

Kò bi mí ohun tí mo ń sọ. Ó rìn díẹ̀ sí i.

"Ọmọ mi tó lọ ni."

"Mo wà níbí, mà."

"Mo mọ̀ pé o wà níbí," ó ní. "Ṣé mo lè ké e nígbà tó o wà lọ́hùn-ún ni? O ò ní lè sùn."